Orin Mẹ́rin Tó Kẹ́yìn

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, onílù ẹgbẹ́ olórin kan kú nínú ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni.

Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó dé ìdajì, àwọn tó kù ti yí tábìlì ká nínú yàrá ìdánrawò, wọ́n ń jiyàn lórí orin tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ eré ìrántí rẹ̀.

"Ẹ ò lè fi 'Ojú Irin' ṣáájú," Olórin wí. "Ọ̀fun mi ò ní tíì là nígbà yẹn. Àbí ẹ fẹ́ kí ohùn mi ya lójú gbogbo ayé?"

"Ohùn ẹ ti ya tipẹ́," Onígìtá dá a lóhùn. "Ojú ẹ làwọn èèyàn ń wò, wọn ò fẹ́ sọ ọ́."

Máníjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga onírin lẹ́bàá ògiri, ó gbé gìtá béèsì rẹ̀ lé itan, ó ń wò wọ́n. Òun ni ẹ̀gbọ́n olóògbé, ọmọ ìyá kan náà. Olóògbé ló máa ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí àwọn yòókù sì wọ ẹgbẹ́, wọ́n gba orúkọ náà bí wọ́n ṣe gba gbogbo ohun tí wọ́n bá nílẹ̀: wọn ò béèrè, wọn ò sì dúpẹ́.

Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù táyà ni yàrá náà wà. Fóòmù tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má bàa jáde, ṣùgbọ́n ariwo ń jáde. Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn. Síbẹ̀, Olórin wọ awò dúdú. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun tó sì ti ń pa á láró ló ti ń wọ awò dúdú nínú ilé, bíi pé ẹni tí kò bá rí ojú rẹ̀ kò ní lè ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀.

Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ. Bí wọ́n ṣe máa ń to orin wọn kò yí padà látọjọ́ yìí wá. Olórin á kọ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sórí páálí pélébé, á sì tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń ta káàdì. Lẹ́yìn náà ni kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀fun Olórin ni Olórin ń rò: kò gbọdọ̀ kọ orin olóhùn òkè méjì tẹ̀ léra. Onígìtá ní tiẹ̀ ní orin méjì wà tí òun ní láti dẹ okùn gìtá fún, àfi kí wọ́n fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí òun má bàa dúró máa yí èèkàn okùn gìtá lójú èrò bíi mẹkáníìkì. Máníjà ò lu nǹkan kan, kò sì kọrin. Fóònù ló ń tẹ̀. Fóònù náà ń sọ fún un orin tí àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ jù, ó sì máa ń kà á sétí wọn bí ẹni ń ka ìdájọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni onílù máa ń béèrè. Ó máa ń béèrè ibi tí òun ti máa mí. Òun nìkan ló ń fi apá, ẹsẹ̀ àti àyà ṣiṣẹ́ nínú wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bí ọ̀rọ̀ ò bá yanjú, wọ́n á dìbò. Ọmọ ìyá méjèèjì á wà níhà kan, Olórin àti Onígìtá á wà níhà kejì. Nítorí ìyẹn ni Máníjà ṣe fún ara rẹ̀ ní ìbò kan, láti fi tú ìjà ká, bó ṣe sọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ẹni tí kò mọ orí okùn gìtá yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ ló ń pinnu iṣẹ́ tí apá ẹlòmíràn máa ṣe.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ti ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀," Olórin wí. "Ìparí ni ká kọ́kọ́ mú." Ó to páálí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ tábìlì, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "'Iná Pupa'. 'Ilé Iṣẹ́'. 'Sáré'. 'Fọ́ Gbogbo Ẹ̀'. Bí a ṣe máa ń parí ẹ̀ nìyẹn."

"Láìsinmi?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Àwọn èèyàn ò filé sílẹ̀ láti wá wo ẹni tó ń sinmi."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ìlù. Onílù tuntun ni, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n háyà fún eré ìrántí náà. Láti ìgbà tó ti dé, kò sọ̀rọ̀ ju ẹ káàsán lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí, "ṣé òótọ́ lẹ máa ń lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra? Mo rí i nínú fídíò, mo rò pé ṣe ni wọ́n gé e, tí wọ́n so ó pọ̀."

"Wọn ò gé nǹkan kan," Olórin wí tìgbéraga-tìgbéraga. "Ẹni tó wà lórí àga yẹn tẹ́lẹ̀ ń lù ú, kò kú."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ ohun tó sọ. Onígìtá yí ojú sí ògiri.

"Ẹni tó wà lórí àga yẹn tẹ́lẹ̀ dà?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

Olórin bẹ̀rẹ̀ sí í tún páálí tò.

Ẹ̀gbọ́n rántí ìjókòó tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lọ síbi eré tó kẹ́yìn kí àbúrò rẹ̀ tó kú. Tábìlì yìí náà ni, páálí yìí náà ni. Àbúrò rẹ̀ mú orin kan tó rọra, 'Ẹ̀yìn Fèrèsé', ó fi sáàárín mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo ti ń dàgbà o. Ẹ bá mi fi èyí há a láàárín, kí n ráàyè mu omi." Olórin ní orin tó rọra á pa iná eré. Wọ́n dìbò. Méjì, méjì. Máníjà wo fóònù rẹ̀, ó ní 'Ẹ̀yìn Fèrèsé' ni àwọn ará ìlú tí wọ́n ń lọ ń gbọ́ kéré jù. Onílù rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, ó sì dá páálí náà padà síbi tó ti mú un. Ẹ̀gbọ́n bá Máníjà fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, àbúrò rẹ̀ ló ní kó fi sílẹ̀.

Máníjà nu ẹnu nísinsìnyí. "Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, bóyá ọkàn Ẹ̀gbọ́n á balẹ̀. Aǹtí onílù ò ní lu orin tó kẹ́yìn. Olóògbé fúnra ẹ̀ ló máa lù ú."

"Báwo?"

"Wọ́n gba ohùn eré tó kẹ́yìn sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlù ẹ̀ gan-an wà nínú kọ̀ǹpútà mi yìí. Bó bá ku orin kan, aǹtí á dìde, iná á máa tàn sórí àga tó ṣófo, àwòrán ẹ̀ á yọ sára ògiri, ìlù ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin mẹ́ta á sì máa bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n, kò ní sẹ́ni tí omi ò ní bọ́ lójú ẹ̀."

"Ìwọ náà?"

"Èmi kẹ̀! Èmi ni màá kọ́kọ́ sunkún."

"Kọ ọ́ sínú ètò o, kó o má gbàgbé."

Onígìtá fi ọwọ́ bo ẹnu. Máníjà ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. "Ìyàwó ẹ̀ ti fọwọ́ sí i," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n gbé gìtá sílẹ̀, ó yọ fóònù lápò, ó pe ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Ìyàwó. Wọ́n ní o gbà kí wọ́n fi ìlù ọkọ ẹ ṣeré."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbà, Bọ̀dá. Mo ní tí ẹ̀yin bá ti gbà, kí lèmi tún fẹ́ sọ."

Ẹ̀gbọ́n yí ojú sí Máníjà. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì fóònù rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Àṣìgbọ́ ni," ó wí. "Ohun tí mo sọ ni pé mo mọ̀ pé wọ́n máa gbà."

"Ìyẹn ni pé o puró fún un pẹ̀lú orúkọ mi, o sì wá puró fún mi pẹ̀lú orúkọ ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n wí. Kò gbé ohùn sókè. "Iṣẹ́ ńlá lò ń ṣe."

"Bọ̀dá," obìnrin náà wí látinú fóònù, "mi ò bá wọn jà o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Mi ò tíì gbọ́ ìró ọwọ́ ẹ̀ látìgbà yẹn."

Máníjà ṣí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, ó ní àárín orin kẹta ló ti máa bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe bọ́ sínú ìkẹrin.

Ìlù nìkan ló jáde. Kò sí gìtá, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìlù nìkan báyìí kò mọ̀ pé iṣẹ́ agbára ni. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gún pẹ́dàlì, bí àga ṣe ń dún lábẹ́ ẹni tó jókòó, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, èémí. Bí orin ṣe ń lọ ni ìlù ń fà. Kò fà púpọ̀; ó ń fà bí ẹni tó gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, tó ṣì ku àjà méjì fún un lókè. Onílù tuntun gbórí sókè, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ra.

Orin náà parí. Ariwo èrò dún láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn olóògbé wá jáde, ó sún mọ́ wọn bíi pé ó wà lórí àga nínú yàrá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 'Ẹ̀yìn Fèrèsé' síbí. Apá mi ò gbé e mọ́."

Èémí. Èémí.

"Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ohùn Olórin ló dáhùn láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe olóògbé ló ń dá lóhùn. Àwọn èrò ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ṣé ó ti rẹ̀ yín?" ó pariwo. Èrò ní, "Rárá!" Ó tún béèrè, wọ́n tún ní rárá. Ọ̀pá ìlù méjì kan ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, orin kẹrin sì bẹ̀rẹ̀.

Máníjà tètè tẹ nǹkan kan, ìlù náà dákẹ́.

Máíkì kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga onílù. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ èrò. Inú ohun tí àwọn tó wà lórí pèpéle kì bọ etí ló ń lọ, kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí okùn bá já tàbí bí wọ́n bá fẹ́ yí orin padà lójú eré. Olórin ń lo ti etí yìí. Onígìtá ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kì í lò ó, ẹ̀gbẹ́ ìlù ló máa ń dúró sí, orí àbúrò rẹ̀ ló sì ń wò. Ṣùgbọ́n níbi eré yẹn, Máníjà ti ní kí wọ́n gbé ìlù gun orí pátákó gíga lẹ́yìn, tó jìnnà sí Ẹ̀gbọ́n, nítorí pé á dára nínú fídíò.

"Ó bẹ̀ wọ́n," obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Bọ̀dá, ẹ gbọ́? Ó bẹ̀ wọ́n."

"Mo gbọ́."

"Wọn ò gbọdọ̀ lò ó."

"Wọn ò ní lò ó, Ìyàwó."

"Ẹ máa bọ̀ nílé, Bọ̀dá." Ó pa fóònù.

Onígìtá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló sì ń bá sọ ọ́. "Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé àwàdà ni. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí kì í sọ sínú máíkì yẹn."

"Ariwo pọ̀," Olórin wí.

"Etí ẹ ni wọ́n sọ ọ́ sí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Inú eré la wà. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló dìde dúró. Tí mo bá fi orin tó rọra síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tutù. Ta ni wọ́n máa bú? Èmi ni. Kò sẹ́ni tó ń bú onílù." Ó yọ awò dúdú rẹ̀, ó nù ú, ó tún fi í sójú. "Àti pé dókítà ní ọkàn ẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Kì í ṣe èmi ló fi àìsàn sí i láyà."

"Mi ò sọ pé ẹ pa á," Ẹ̀gbọ́n wí. "Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò ní sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé ó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun mí."

Wọn ì bá dákẹ́ níbẹ̀, wọn ì bá fi ọ̀wọ̀ díẹ̀ pamọ́ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n Olórin kì í ṣe ẹni tó lè rí àlàfo kó má fi ohùn kún un.

"Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ni ìṣòro," ó wí fún Máníjà. "A lè gé e kúrò. Ibi tí ìlù ti ń fà yẹn náà, ẹ̀rọ á mú un bọ́ sípò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó ti mọ ọkùnrin yìí fún ogún ọdún. Ó ti jẹun pẹ̀lú rẹ̀, ó ti sùn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹnu sàréè àbúrò rẹ̀. Ó wá rí i pé ọkùnrin náà ò burú. Kò tó ẹni tó burú. Òfìfo ni, èyí tí wọ́n fi awò dúdú bò.

"Ibi tí ọmọ ìyá mi ti ń kú lọ," ó wí, "lo fẹ́ kí ẹ̀rọ bá ẹ tún ṣe, kó lè bá ohùn ẹ mu."

"Ẹ jẹ́ ká dìbò sí i," Máníjà wí.

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kódà, ó ti na ọwọ́ sókè. Olórin na tiẹ̀. Onígìtá gbé ọwọ́ dé èjìká, ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó sì fi ọwọ́ náà họ ọrùn, bíi pé ọrùn ló ń yún un látìbẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó ẹ̀ ní rárá," Ẹ̀gbọ́n wí. "Lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ dìbò borí opó."

Ìyẹn ló wọ Máníjà létí. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtìjú ò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìwé ìròyìn ni. "Lóòótọ́, ó lè di ariwo," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Kò burú. A ó fi àwòrán nìkan ṣe é." Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì tún gbé fóònù.

Kò pẹ́, wọ́n ti padà sórí páálí. Olórin ní bí ìlù olóògbé ò bá sí, 'Sáré' ló yẹ kó kẹ́yìn. Onígìtá ní ara òun ò gbà á, okùn gìtá òun á ṣì wà ní dídẹ̀. Ohùn wọn kọ́kọ́ wà nílẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di ìjà tí wọ́n ń jà tẹ́lẹ̀ gan-an, bíi pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan nínú yàrá yẹn.

Ẹ̀gbọ́n yọ wáyà gìtá rẹ̀ lára iná. Ó ká a, ó gbé gìtá sínú àpò, ó fa síìpù rẹ̀ dé. Kò yára. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan nínú wọn á béèrè ibi tó ń lọ.

Onílù tuntun nìkan ló dìde. Ó rìn wá sẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀pá ìlù méjèèjì dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Orin tó rọra yẹn. Níbo lẹ rò pé ó yẹ kó wà?"

"Ibi tó bá ti rẹ̀ ọ́."

"Tí wọn ò bá gbà ńkọ́, sà?"

"Ìwọ ni ọ̀pá ìlù wà lọ́wọ́ ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n wí. "Tí o ò bá bẹ̀rẹ̀, ta ló máa bẹ̀rẹ̀?"

Obìnrin náà mi orí pé ó yé òun. Ó padà sẹ́yìn ìlù, ó jókòó, ó sì gbé ọ̀pá méjèèjì lé orí awọ ìlù.

"Ó yá, 'Iná Pupa'!" Olórin pè láti ìdí máíkì. "Ka ení, èjì, ká wọlé!"

Obìnrin náà ò ka nǹkan kan. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí mẹ́rin tó kẹ́yìn, sà," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ bí Olórin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò padà.

Ohun tó fi sílẹ̀ nínú yàrá náà nìyí: sípíkà ńlá kan tí kò lè dá gbé, bàtà kan tó máa ń wọ̀ tí ilẹ̀ bá tutù, kẹ́tùlù tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ rà, okùn béèsì tuntun kan tí kò tíì tú nínú ọ̀rá, súwẹ́tà aláwọ̀ eérú, tí kì í ṣe tirẹ̀, tó wà lórí ìṣó láti oṣù kẹta, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ọkùnrin mẹ́ta.